Sáfà tí kò tan mọ́: bí a ṣe ń tún Debian ṣe láì sọ ohun inú rẹ̀ nù

Ní Kétu, ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Sábẹ ní ilẹ̀ Benin, bí sáfà ilé ìwé tàbí ti ilé ìwòsàn, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo ibẹ̀, bá kọ̀ tí kò tan mọ́, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà máa ń sọ ni pé: «A máa format ẹ̀ ni.» Gbólóhùn yẹn ló mú mi kọ ìtọ́sọ́nà yìí. Lóòótọ́, lẹ́yìn format, ẹ̀rọ á tan. Ṣùgbọ́n máàkì àwọn ọmọ láti sixième títí dé troisième, káàdì àwọn aláboyún, àkọsílẹ̀ owó tí àwọn òbí ti san, gbogbo rẹ̀ á ti lọ.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tó bàjẹ́ kì í sábà pọ̀. Iná lọ lójijì nígbà tí ìmúdójúìwọ̀n ń lọ lọ́wọ́, tàbí nígbà tí ẹ̀rọ ń kọ nǹkan sórí dísìkì. Fáìlì kan ṣófo nínú /boot (fódà ohun tí ẹ̀rọ fi ń tan), ìlà kan kò tọ̀nà nínú /etc/fstab (àkójọ àwọn dísìkì tí sáfà ń so mọ́ra), package mélòó kan wà tí a kò tò parí. Àwọn ohun tí àwọn ènìyàn fi ọwọ́ ara wọn tẹ̀ wà níbi tí wọ́n fi wọ́n sí. Ìdí nìyẹn tí ìlànà mi fi jẹ́ pé kí á kó ẹrù jáde ná, kí á tó tún ilé ṣe.

Debian, tó jẹ́ irú Linux kan, ni mo lò fún àpẹẹrẹ níhìn-ín. Ẹni tó ń lo Ubuntu Server á rí i pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn àṣẹ yìí ò yàtọ̀.

Kí ẹ tó gbéra nílé

Bí wọ́n bá pè yín láti Kétu pé «Ẹ̀gbọ́n, sáfà ti kú o», ẹ kọ́kọ́ dá wọn dúró. Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò ohun tó wà lójú ẹ̀rọ, kí wọ́n fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí wọ́n sì yọ wáyà iná rẹ̀. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ á fẹ́ máa tan án kó máa pa á, bóyá á jí. Bó bá jẹ́ pé dísìkì ló ń kú lọ, ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tan án ló ń jẹ nínú ìwọ̀nba ẹ̀mí tó kù fún un.

Fọ́tò yẹn ló máa sọ ohun tí ẹ máa kó dání. Ẹni tó ń ti Àjàṣẹ́ lọ sí Kétu á gba Ṣakẹ́tẹ́ àti Pọbẹ́ kọjá. Bó bá gbàgbé wáyà kan, ọjọ́ yẹn ti lọ nìyẹn. Ẹ kó clé USB (flash) méjì. Ẹ kọ Debian DVD-1 sórí àkọ́kọ́. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé netinst (ẹ̀yà kékeré), torí orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó nílò, data orí fóònù lè máà gbé e débì kan. DVD-1 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4 GB, clé 8 GB á gbà á, ó sì lè gbé sáfà dìde láì sí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ẹ gbà á wálẹ̀ níbi tí ìsopọ̀ ti dára, kí ẹ sì fi `sha256sum` yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ kọ SystemRescue sórí clé kejì, torí ó ní smartctl, ddrescue àti testdisk, àwọn irinṣẹ́ àyẹ̀wò àti ìgbàlà dísìkì, nínú, èyí tí clé Debian kò ní.

Irú Debian tó wà lórí sáfà náà gan-an ni kí ẹ mú lọ. Debian 12 jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Debian 13 ní oṣù kẹjọ ọdún 2025. Tuntun dára, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìjàǹbá kọ́ ni ọjọ́ tí a ń yí ẹ̀yà padà. Ẹ máa rí ìdí rẹ̀ níwájú nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ MariaDB, ètò tó ń tọ́jú dátà. Bí ẹ̀rọ náà bá sì jẹ́ àlòkù àtijọ́ tó jẹ́ bit 32, Debian 13 ò ní ohun tí ẹ lè fi gbé e sórí rẹ̀ mọ́.

Ẹ tún mú dísìkì ìta kan tó tóbi ju ti sáfà lọ, bátìrì kékeré CR2032 kan, àti onduleur (UPS) tó ṣì ń mú iná dúró. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kankan lórí dísìkì láì sí onduleur tàbí groupe (jẹnẹrétọ̀) tó ń ṣiṣẹ́. Bí iná bá tún lọ láàárín àtúnṣe, ohun tó kéré tẹ́lẹ̀ á di ńlá.

Ibo ló ti dúró?

Sáfà ò kàn ń tan lẹ́ẹ̀kan náà. BIOS tàbí UEFI (ètò inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀) ló ń ṣáájú, ó fà á lé GRUB (ètò tó ń tan Linux) lọ́wọ́, GRUB gbé kernel (ọkàn Linux) àti initramfs (àwọn irinṣẹ́ kékeré tí kernel fi ń rí dísìkì) wọlé, kernel wá rí dísìkì, ó sì pe systemd, tó ń tan àwọn iṣẹ́ yòókù. Ibi tí ó bá ti dúró ni ẹ máa tún ṣe, ibòmíràn kọ́.

Bí ojú ẹ̀rọ bá ní `No bootable device`, ẹ wọ inú BIOS ná, ẹ wò ó bóyá ó rí dísìkì. Bí aago inú rẹ̀ bá ti padà sí ọdún àtijọ́, bátìrì rẹ̀ ti kú, ètò UEFI sì ti lè yí padà sí ti àtijọ́. Ẹ pààrọ̀ bátìrì, ẹ dá ètò padà, ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Aago yẹn tún ní wàhálà mìíràn: apt (ètò tó ń gbé package wọlé) á kọ̀ láti ṣiṣẹ́, á ní fáìlì Release `is not valid yet`. Ẹ fi `date -s` tún un ṣe kí ẹ tó máa wá ẹ̀bi lọ sọ́dọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì.

Bó bá jẹ́ `Kernel panic - not syncing: VFS: Unable to mount root fs`, initramfs ló sábà máa ń sọnù tàbí kó kọ́ sílẹ̀ lágbede méjì, torí pé /boot kún tàbí iná lọ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Bí ẹ bá bá ara yín níbi `(initramfs)`, tí ó sì ń sọ pé kí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe fsck, ètò fáìlì ló fẹ́ àyẹ̀wò.

`You are in emergency mode` máa ń dẹ́rù ba ènìyàn, síbẹ̀ òun ló rọrùn jù. Lọ́pọ̀ ìgbà, dísìkì ìta tí wọ́n ń fi ṣe ìpamọ́ ni ẹnìkan yọ lọ sílé, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú /etc/fstab. Sáfà á dúró dè é, kò ní rí i, á sì kọ̀ láti tẹ̀ síwájú. Ẹ ṣí fáìlì náà, ẹ fi `nofail` kún ìlà dísìkì ìta yẹn, kí ẹ tún ẹ̀rọ tan. Bí wọ́n bá ní root ti wà ní títì, ẹ tẹ `e` níbi àkójọ GRUB, ẹ fi `init=/bin/bash` sí òpin ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `linux`, ẹ tẹ F10, kí ẹ sì fi `mount -o remount,rw /` ṣí dísìkì fún kíkọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí `grub rescue>`, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí i tí àwọn ọ̀dọ́ tó mọ iṣẹ́ dáadáa ń ju ọwọ́ sílẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù AZERTY ni a ń lò ní Benin, QWERTY sì ni GRUB mọ̀. Ẹ máa tẹ `normal`, ohun mìíràn á jáde, ẹ sì máa rò pé gbogbo nǹkan ti bàjẹ́. Àwọn àṣẹ náà rèé:

```
ls
ls (hd0,gpt2)/
set root=(hd0,gpt2)
set prefix=(hd0,gpt2)/boot/grub
insmod normal
normal
```

Lórí AZERTY, láti rí `a`, ẹ tẹ Q. Láti rí `m`, ẹ tẹ bọ́tìnì àmì kọmá. Láti rí kọmá fúnra rẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnì tí `;` wà lára rẹ̀, tó tẹ̀ lé ti kọmá. `/` wà lórí bọ́tìnì `!`. Àkámọ́ ṣíṣí jẹ́ Shift pẹ̀lú 9, títì jẹ́ Shift pẹ̀lú 0. Nọ́mbà kò nílò Shift níhìn-ín, `=` sì wà ní ipò rẹ̀. Ẹ kọ èyí sínú ìwé kan kí ẹ fi sínú àpò irinṣẹ́ yín. `ls` á fi àwọn ìpín hàn yín. Ẹ máa gbìyànjú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi rí èyí tí `boot` wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi nọ́mbà rẹ̀ rọ́pò `gpt2`. Bí sáfà bá tan, ẹ má kúrò níbẹ̀ láì ṣe `grub-install` àti `update-grub`, torí ohun tí ẹ tẹ̀ yẹn kò ní sí mọ́ lọ́jọ́ kejì.

Kó ẹrù jáde

Ẹ fi SystemRescue tan ẹ̀rọ náà. Ẹ tẹ `loadkeys fr` kí kíbọ́ọ̀dù lè bọ̀ sípò, kí ẹ wá wo ohun tó wà níbẹ̀ (`sda` àti nọ́mbà rẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ, ẹ fi orúkọ tí lsblk bá fi hàn rọ́pò rẹ̀):

```
lsblk -f
smartctl -a /dev/sda
```

Nínú ohun tí smartctl bá kọ, ìlà mẹ́ta ni mo máa ń wò kí n tó wo ohunkóhun: `Reallocated_Sector_Ct`, `Current_Pending_Sector` àti `Offline_Uncorrectable`. Bí nọ́mbà tó kẹ́yìn nínú ìlà `Current_Pending_Sector` kì í bá ṣe 0, dísìkì ti ní ibi tí kò lè kà mọ́. Ẹ má ṣe fsck lórí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ da gbogbo rẹ̀ sórí dísìkì ìta, tí ẹ ti so mọ́ fódà /usb:

```
ddrescue -n /dev/sda /usb/sda.img /usb/sda.map
ddrescue -d -r3 /dev/sda /usb/sda.img /usb/sda.map
```

Ìgbà àkọ́kọ́ á kó ohun tó rọrùn, á sì fo ibi tó le. Ìgbà kejì ló ń padà lọ bá ibi tó le jà. Fáìlì `.map` ló ń jẹ́ kí ó mọ ibi tó dé, nítorí náà bí iná bá lọ, ẹ lè tẹ̀ síwájú láti ibẹ̀. Ó lè gba gbogbo òru. Ẹ jẹ́ kó gbà á.

Bí dísìkì bá yá, ó ti rọrùn. Ẹ so ìpín rẹ̀ mọ́ fódà kan fún kíkà nìkan, kí ẹ sì di ohun tó ṣe pàtàkì pọ̀:

```
mkdir /old
mount -o ro /dev/sda2 /old
tar --acls --xattrs --numeric-owner -czpf /usb/ketu.tar.gz \
  -C /old etc home root srv opt usr/local var/www var/lib var/spool/cron
chroot /old apt-mark showmanual > /usb/packages.txt
```

Kí ló dé tó fi jẹ́ tar, tí a ò kàn fi `cp` dà á sórí dísìkì ìta? Àwọn dísìkì ìta tí wọ́n ń tà lọ́jà, exFAT tàbí NTFS ló sábà máa ń wà lórí wọn, wọn kì í sì í pa orúkọ olówó fáìlì àti àṣẹ rẹ̀ mọ́ bí Linux ṣe ń pa á mọ́. Ẹ máa dá fáìlì padà, MariaDB á kọ̀, ojú ewé ilé ìwé á kọ̀, kò sì ní hàn sí yín ìdí rẹ̀. Inú tar ni ohun gbogbo ti dúró bó ṣe wà. Bí dísìkì yín bá jẹ́ FAT32, fáìlì tó bá ju 4 GB lọ kò ní wọlé. Ẹ lo `split`, tàbí kí ẹ format dísìkì ìta yẹn sí ext4 kí ẹ tó gbéra nílé.

Bí LVM bá wà níbẹ̀, `vgchange -ay` ni ẹ máa kọ́kọ́ tẹ̀ kí àwọn ìpín tó hàn. Bó bá jẹ́ RAID ti Linux, ẹ tẹ `mdadm --assemble --scan`, kí ẹ sì wo /proc/mdstat.

Ẹ gbé dísìkì ìta náà sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ fi `tar -tzf` wo inú rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá ti fojú ara yín rí fódà mysql níbẹ̀ ni ẹ tó lè fọwọ́ kan dísìkì sáfà.

Àtúnṣe gan-an

Ẹ yọ ìpín náà kúrò lára fódà pẹ̀lú `umount`, kí ẹ wá yẹ ètò fáìlì wò:

```
e2fsck -n /dev/sda2
e2fsck -f /dev/sda2
```

Ti àkọ́kọ́ ń wò lásán ni, kò ní yí ohunkóhun padà. Bó bá ní òun kò rí superblock, ẹ gbìyànjú `e2fsck -b 32768`. Bó bá jẹ́ XFS, `xfs_repair` ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ inú ètò tó bàjẹ́ náà bí ẹni pé ó ti tan:

```
mount /dev/sda2 /mnt
mount /dev/sda1 /mnt/boot/efi
for d in dev proc sys run; do mount --rbind /$d /mnt/$d; done
chroot /mnt /bin/bash
```

Kí ẹ tó ṣe èyí, ẹ wò ó bóyá /sys/firmware/efi wà. Bí kò bá sí, BIOS àtijọ́ ni clé yín fi tan. Bí sáfà bá jẹ́ ti UEFI, ẹ padà lọ tan clé náà lọ́nà UEFI. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, grub-install kò ní lè forúkọ Debian sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ.

Ní inú chroot, ohun àkọ́kọ́ ni `df -h` àti `df -i`. Bí /boot bá kún, gbogbo àtúnṣe tí ẹ bá ṣe lẹ́yìn náà á tún kú ní agbede méjì. Ẹ wo àwọn kernel tó wà pẹ̀lú `dpkg -l 'linux-image-*'`, ẹ yọ àwọn tó ti pẹ́, ẹ fi méjì sílẹ̀. Ẹ kíyè sí i: `uname -r` níhìn-ín ń sọ kernel ti clé yín, kì í ṣe ti sáfà, nítorí náà ẹ má lò ó láti mọ èyí tí ẹ máa fi sílẹ̀.

```
dpkg --configure -a
apt --fix-broken install
update-initramfs -u -k all
grub-install --target=x86_64-efi --efi-directory=/boot/efi --bootloader-id=debian
update-grub
```

Lórí ẹ̀rọ BIOS, `grub-install /dev/sda` ni, dísìkì lódindi, kì í ṣe ìpín. Ẹ fi ohun tí `blkid` sọ wé ohun tó wà nínú /etc/fstab, UUID (nọ́mbà ìdánimọ̀ ìpín) sí UUID. Bí apt bá nílò ohun kan tí íntánẹ́ẹ̀tì ò sì sí, DVD-1 tí ẹ mú wá á ràn yín lọ́wọ́. `apt-cdrom` lè kà á bí ẹ bá so ó mọ́ ibi tó yẹ.

Clé Debian fúnra rẹ̀ ní ọ̀nà tó kúrú fún èyí. Níbi àkójọ àkọ́kọ́, ẹ yan Advanced options, kí ẹ yan Rescue mode. Ó máa béèrè èdè àti kíbọ́ọ̀dù, ẹ yan Français, á béèrè ìpín tí ètò wà, á sì fún yín ní àyè láti tún GRUB gbé sórí ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ GRUB nìkan ló bàjẹ́, èyí tó.

Ìgbà tí títún un kọ́ bá yá ju

Ìgbà mẹ́ta ni mo ń gbà pé kí á tún Debian gbé sórí ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí dísìkì bá ti ń kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí àjèjì bá ti wọ inú sáfà náà, ẹ ò lè mọ ohun tó yí padà, nítorí náà ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ìkẹta ni bí `dpkg --verify` bá ń tú ìlà `missing` sílẹ̀ ojú ewé lẹ́yìn ojú ewé.

Bí /srv tàbí /home bá ní ìpín tirẹ̀, ẹ yan Manual níbi pípín dísìkì, kí ẹ sì fi ìpín yẹn sílẹ̀ ní `no, keep existing data`. Ìpín `/` nìkan ni ẹ máa format. Ẹ yan Benin níbi ibùgbé, aago á sì bọ́ sí Africa/Porto-Novo fúnra rẹ̀.

Ẹ má da /etc àtijọ́ bo tuntun. Fstab àtijọ́ ní UUID tí kò sí mọ́, orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè ti yí padà. Ẹ ṣí tar náà sí /root/atijo, ẹ mú fáìlì tí ẹ mọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú àwọn kọ́kọ́rọ́ SSH inú /etc/ssh, kí àwọn tó ń wọlé má bàa rí ìkìlọ̀. Ẹ fi ojú wo packages.txt, ẹ yọ ìlà linux-image, grub àti firmware, kí ẹ wá ṣe `xargs -a packages.txt apt install`. Nọ́mbà àwọn olùlò láti 1000 lọ sókè gbọ́dọ̀ rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fáìlì ti akọ̀wé á di ti ẹlòmíràn.

MariaDB ló ń fẹ́ ìṣọ́ra jù. Debian 11 ní MariaDB 10.5, Debian 12 ní 10.11. Bí iná bá lọ lójijì, iṣẹ́ kan wà nínú àkọsílẹ̀ InnoDB tí kò tíì parí, ẹ̀yà tuntun sì lè kọ̀ láti bá a parí rẹ̀. Ẹ̀yà kan náà ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣí i. Nítorí náà, ẹ fi Debian kan náà padà, ẹ dá MariaDB dúró, ẹ da var/lib/mysql padà síbẹ̀, ẹ ṣe `chown -R mysql:mysql /var/lib/mysql`, ẹ tan án. Bó bá ti dìde, ẹ má fi àkókò ṣòfò:

```
mariadb-dump --single-transaction --all-databases | gzip > /usb/gbogbo.sql.gz
```

Fáìlì yẹn ni ẹ lè gbé lọ sórí Debian 13 lọ́jọ́ mìíràn láì bẹ̀rù. PostgreSQL, ètò dátà mìíràn, tilẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ohun tí PostgreSQL 13 kọ, PostgreSQL 15 kò ní ṣí i bó ṣe wà rárá.

Kí ẹ tó fi ibẹ̀ sílẹ̀

Ẹ pa sáfà, ẹ tún un tan. Ẹ yọ clé USB, ẹ tún un tan lẹ́ẹ̀kan sí i, torí àwọn kan ń tan látara clé tí ẹ gbàgbé sí wọn lára. Ẹ tẹ `systemctl --failed`. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ẹni tó ń lo ẹ̀rọ náà lójoojúmọ́: «Màmá, ẹ bá mi ṣí káàdì aláboyún tí ẹ kọ gbẹ̀yìn.» Òun ló mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀, ẹ̀yin kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ fi `nut`, ètò tó ń ṣọ́ onduleur, sórí sáfà, kí ẹ so ó mọ́ onduleur, kí ó lè pa ara rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà tí bátìrì bá ń lọ sílẹ̀. Ẹ fi mariadb-dump sínú cron (ètò tó ń ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní àkókò tí a yàn), kí ẹ̀dà rẹ̀ máa lọ sórí dísìkì ìta tó ní `nofail` nínú fstab. Kí ẹ sì lẹ ìwé kékeré kan mọ́ ara ẹ̀rọ náà: ẹ̀yà Debian tó wà níbẹ̀, UEFI ni tàbí BIOS, ìpín tí `/` wà, ibi tí ẹ̀dà ìpamọ́ ń lọ. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ aṣínà síbẹ̀; inú àpò ìwé tí a dí, lọ́wọ́ ọ̀gá ibẹ̀, ni kó wà.